Ẹ̀rù Omi Ń Ba Ọmọ Olómi

Ọjọ́ Ajé, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà, 1977

Ìsinmi ti parí. Púùlù iléeṣẹ́ epo ti ṣí. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí, mi ò sì fi ẹsẹ̀ kan omi.

Ẹnikẹ́ni ò fura. Mo wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ mi, mo dé fìlà rọ́bà, mo mú ọ̀pá ọparun gígùn kan lọ́wọ́, mo ń rìn lọ rìn bọ̀ létí púùlù, mo ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ — ẹ ta ẹsẹ̀, ẹ gbé orí sókè, ẹ mí! Ohùn mi le dáadáa. Àyà mi ń já.

Fèrè kọjá, ó yìn mí. Ọ̀gá wa ni, orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn nítorí fèrè tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, “Mary, this your stick na correct teacher style.” Mo rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọmọ àwọn òyìnbó àti ọmọ àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ epo ni mò ń kọ́. Nígbà tí wọ́n gbà mí, wọ́n ní ọmọ Ìlàjẹ ni mí, àwa kì í kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n bí i mọ́ wa ni. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Kí n tó mọ̀ ọ́n rìn ni Bàbá ti ń jù mí sódò.

Màá kọ ọ̀rọ̀ Júláì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò ní tún un kọ mọ́. Mo wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi létí òkun. Ọkọ̀ ńlá kan tó ń fa bájì akẹ́rù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìgbì rẹ̀ dé, ọkọ̀ wa dojú dé. Ẹ̀rù ò tilẹ̀ bà mí. Mò ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, mò ń ti pákó sí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lú. Obìnrin kan tó kó àwo tánganran ń rì. Mo lọ mú un. Ó fi apá méjèèjì dì mọ́ mi lọ́rùn. Mo jà. Mo ta á nípàá. Mo gé e jẹ. Kò tú. Àwa méjèèjì ń lọ sísàlẹ̀, omi dúdú, mò ń mu ún. Àwọn apẹja ló fi ìkọ́ fà wá sókè pọ̀. Nínú ọkọ̀ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú ìka obìnrin náà kúrò lọ́rùn mi.

Ẹnikẹ́ni ò kú. Gbogbo ayé ní ká dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí omi bá ti kọjá kókósẹ̀ mi, ọrùn mi á há.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo wẹ̀ lówùúrọ̀. Aṣọ tútù ni mo fi nu ojú. Mi ò lè bu omi sí i.


Ọjọ́ Ẹtì, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo rò pé Bàbá ti mọ̀.

Ó jókòó sẹ́yìn ilé bó ti máa ń ṣe, ó na àwọ̀n sílẹ̀, ó ń tún un ṣe. Ojú Bàbá ò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìka rẹ̀ ló ń wá ojú tó ti já, á kan án, á dúró, á hun ún, á tún máa lọ. Mo gbé ẹ̀kọ fún un. Kò gbé orí sókè. Ó ní, “Méèrì, irun rẹ gbẹ.”

Mo ní fìlà rọ́bà ni.

Ó ní, “Hẹn. Fìlà rọ́bà.” Ìlàjẹ ló fi sọ ọ́, èmi ló ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé. Ó tún hun ojú bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Òmùwẹ̀ ní í kú sómi. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lú kì í débẹ̀.”

Mi ò mọ̀ bóyá ó ń tù mí nínú ni tàbí ó ń kìlọ̀ fún mi. Mo kó abọ́, mo wọlé.


Ọjọ́ Ajé, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo rí obìnrin náà.

Nínú ọjà. Mò ń yọwó ẹja lọ́wọ́, mo gbé ojú sókè, òun nìyẹn níwájú ìsọ̀ àwo, ó ń nu àwo tánganran kan tó ní òdòdó pupa. Ìborùn funfun. Ó sanra ju bí mo ṣe rántí lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí lójú àwo náà, ń yí, ń yí.

Ọwọ́ yẹn.

Mo sá. Mo fi ẹja sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹlẹ́ja ń pè mí, “Aunty! Your fish! Aunty!” Mi ò wẹ̀yìn. Ìgbà tí mo dé ibi tí àwọn takisí ń dúró sí ni mo tó rí i pé ọwọ́ mi wà lọ́rùn ara mi, mo ń fún un.

A ò jẹ ẹja lónìí. Mo sọ fún Bàbá pé ó tán lọ́jà.


Ọjọ́rú, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọmọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lónìí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Àríkẹ́ ni, ọmọ akọ̀wé àgbà kan níléeṣẹ́ epo, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kì í gbọ́ràn. Mo ní kí gbogbo wọn wà níbi tí omi ti mọ ní àyà. Ó yọ́ lọ síbi jíjìn. Mo gbọ́ ọ tó bọ́ sómi — pọ̀ọ̀ — mo yíjú, ó ti lọ sílẹ̀, ó tún yọ, ẹnu rẹ̀ là, kò dún. Ẹni tó ń rì kì í pariwo. Mo mọ ìyẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wa. Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ni mí.

Ẹsẹ̀ mi kò kúrò nílẹ̀.

Mo sọ fún un kó lọ. Mo sọ fún un! Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n dà á pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Mo ń wo ọmọ náà. Mo rí ojú rẹ̀, ó ń wò mí. Ó tún lọ sílẹ̀.

Ọ̀pá wà lọ́wọ́ mi. Mi ò rántí pé mo nà án. Mo ṣáà rí i pé orí ọ̀pá wà nínú omi, ọwọ́ kékeré méjì dì í mú, mo sì ń fà. Ó jáde, ó bì, ó ń sunkún. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Fèrè sáré dé, ó ní òun ò rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ẹlòmíràn ìbá ti bẹ́ sómi pẹ̀lú ìwàǹwára, kí ọmọ wá fà á rì, ṣùgbọ́n èmi dúró, mo fara balẹ̀, mo lo ọ̀pá. “Na wetin dem dey call experience be that!”

Mo fara balẹ̀. Bó ṣe pè é nìyẹn.

Mo lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó síbẹ̀ títí àwọn ọmọ fi lọ tán.


Ọjọ́bọ̀, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìyá Àríkẹ́ gbé kéèkì wá fún mi. Ó ní, “Madam, God go bless those your hand.” Ó dì mọ́ mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké nígbà tí apá rẹ̀ kan ọrùn mi.

Èyí tó burú jù: Fèrè pè mí sí ọ́fíìsì. Ọjọ́ kìíní Ọ̀kítóbà, ọjọ́ òmìnira, àwọn ọ̀gá ńlá ń bọ̀ láti Èkó. Wọn á ṣe eré létí púùlù. Ó fẹ́ kí n gun orí pákó gíga yẹn, kí n bẹ́ sómi, kí n mòòkùn, kí n gbé ènìyàn jáde látìsàlẹ̀, kí gbogbo wọn rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ṣe bí ẹni tó ń rì. Inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé.

Ó ní, ṣé màá ṣe é?

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.


Ọjọ́ Ẹtì, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kí ló ṣe mí tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni?


Ọjọ́ Àìkú, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní orí ń fọ́ mi. Nígbà tí Bàbá lọ tán, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò lẹ́yìn ilé, níbi tí mo ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ò tilẹ̀ jìn. Ẹrẹ̀ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀ dúdú bíi tíì, epo díẹ̀díẹ̀ ń dán lójú rẹ̀ báyìí láti ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gúnlẹ̀ sí. Mo mọ gbogbo òkúta ibẹ̀.

Mo wọ̀ ọ́. Kókósẹ̀. Ojúgun. Mo ń sọ̀rọ̀ sí ara mi bí ẹni ń rọ ewúrẹ́. Orúnkún —

Ó mú mi. Mo mọ̀ pé kò sí ẹnìkan níbẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́wàá ni mo kà lọ́rùn mi. Mo ṣubú sẹ́yìn sínú ẹrẹ̀, mo rá gun òkè pẹ̀lú ọwọ́ àti orúnkún.

Bàbá dúró lórí pákó tó wà lẹ́yìn ilé. Ó ti dé kí n tó mọ̀. Bíbélì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, ó fà mí dìde, ó lọ bu omi gbígbóná fún mi kí n fi ṣan ẹrẹ̀.

Ojú tì mí ju ẹ̀rù lọ. Fún wákàtí kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rù tún borí.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó wá sílé wa.

Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a lórí àga Bàbá, igbá àwo tánganran ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Sàlíhátù lorúkọ rẹ̀. Ìyá Bùsàrí ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Ará Ìsẹ́yìn. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti sá fún òun lọ́jà lòun ti ń wá mi. Òun rí mi, òun dá mi mọ̀. Àwọn apẹja ló júwe ilé wa fún un.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò lè wọlé. Mo kí i látibẹ̀, mo kúnlẹ̀ látibẹ̀.

Ó ní, “Dìde, ọmọ mi. Èmi ló yẹ kó kúnlẹ̀. Mo fẹ́ pa ọ́ lọ́jọ́ náà.”

Mo ní rárá, mà.

Ó ní, “Má parọ́ fún àgbà. Mo fẹ́ pa ọ́. Mò ń pariwo sí ọwọ́ mi nínú omi pé kó tú, kó tú, ọmọ ọlọ́mọ lo fẹ́ pa yìí, kò gbọ́ tèmi.” Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọmọ tó jalè. Mo wò wọ́n pẹ̀lú. Ọwọ́ kékeré. Làálì Ìtúnu Ààwẹ̀ ṣì wà léèékánná rẹ̀. Àpá eyín mi wà lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún.

Ó ní òun ò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi láti ìgbà náà. Ọjà etí omi, níbi tí ọkọ̀ nìkan ń dé, ni òun ti ń rí tà. Ní Wárí níbí, gbogbo ìsọ̀ ló ń ta ohun kan náà. Òun á dé èbúté, òun á wọlé sọ́kọ̀, òun á tún bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́: “Mama, you dey go abi you dey come?”

Ó wá ní, “Kọ́ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́.”

Bàbá, tó ń hun àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dá ọwọ́ dúró.

Ó ní, “Bí mo bá mọ̀ ọ́n lú, mi ò ní dì mọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́.”

Mo ní mi ò ráyè. Mo ní iṣẹ́ ń dí mi. Ohun tí mo sọ kò tilẹ̀ yé èmi fúnra mi. Ó gbọ́. Ó dìde, ó fi àwo tánganran mẹ́ta sílẹ̀ fún Bàbá, ó gbé igbá rù, ó lọ.


Ọjọ́rú, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó tún wá. Kò sọ nǹkan kan nípa ìlúwẹ̀ẹ́. Ó bá Bàbá ṣàríyànjiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń se ẹja gbígbẹ. Ó lọ.


Ọjọ́ Ẹtì, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo tú u sílẹ̀.

Àwọn ọmọ wà nínú omi. Oòrùn mú, púùlù ń dán, ariwo wọn gba gbogbo ọgbà. Àríkẹ́ náà wà níbẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó rí mi, ó juwọ́ sí mi. Ó wá ṣẹ́jú, ó sì tún dojú kọ ibi jíjìn. Kò bẹ̀rù mọ́. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tí mi ò tíì mọ irú rẹ̀ rí bà mí. Èyí tó ti ń bà mí tẹ́lẹ̀, ti ara mi ni. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣeré lójú ikú nítorí pé wọ́n gbọ́kàn lé mi, ẹni tí wọ́n sì gbọ́kàn lé, igi lásán ni.

Mo ní kí gbogbo wọn jáde. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà tí ẹni tó gbẹ̀yìn jáde, mo ti géètì púùlù, mo fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́, mo lọ bá Fèrè.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Júláì. Ọrùn mi. Ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ Àríkẹ́.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “But you save the pikin!”

Mo ní ọ̀pá ló gbà á là. Bí ọ̀pá kò bá tó o ńkọ́?

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ — ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mọ̀, kí n ṣáà máa mú ọ̀pá mi lọ títí ọjọ́ òmìnira, lẹ́yìn náà kí n gba ìsinmi, òun á wá ẹlòmíràn. Òun á bá mi sọ ọ́ di eré kékeré. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù. “Na only one week, Mary. Abeg.”

Mo ní, “Ọ̀gá, bí ọmọ kan bá rì lọ́la, màá dúró, màá máa wò ó.”

Ojú rẹ̀ wá le. Ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó ní kí n kó ẹrù mi, òun ò sì fẹ́ rí mi lọ́gbà náà mọ́.

Mo bi í bóyá ó máa ṣí púùlù lọ́la. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Nítorí náà mo gba ilé Àríkẹ́ lọ, mo sọ fún ìyá rẹ̀. Mo ní kò sí olùkọ́, kó má jẹ́ kí ọmọ lọ, kó sọ fún àwọn ìyá yòókù. Ó wò mí bíi pé mo ti yí padà di ẹlòmíràn lójú rẹ̀. Ó ní, “So that day you just stand?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti ilẹ̀kùn.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo sọ fún Bàbá. Ó ní, “O ṣeun tó o kúrò níbẹ̀.” Ìyẹn nìkan ló sọ nípa iṣẹ́.

Lẹ́yìn tó ti hun àwọ̀n títí, ó ní kí n sọ bí obìnrin náà ṣe dì mí mú. Mo sọ ọ́. Ó ní kí ni mo ṣe. Mo ní mo jà kí n lè gun òkè.

Ó mi orí. “Èmi ni mi ò kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gba ara rẹ̀ là, mi ò kọ́ ọ bí o ṣe ń gba ẹlòmíràn là. Òkè ni ẹni tó ń rì ń wá. Bó o bá ń gòkè, igi lo jẹ́ fún un, yóò gùn ọ́. Sísàlẹ̀ ni kó o lọ. Mòòkùn. Kò ní bá ọ lọ síbẹ̀. Á fi ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.”

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n mọ́, Bàbá. Ìlúwẹ̀ẹ́ ti kúrò lára mi.

“Kò kúrò. Ẹ̀rù ló jókòó lé e.”

Ó rọrùn fún un láti sọ. Sísàlẹ̀! Kí n mọ̀ọ́mọ̀ lọ síbẹ̀!


Ọjọ́ Ajé, 26 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kò sí iṣẹ́ tí mo máa lọ. Nígbà tí Ìyá Bùsàrí dé, mi ò ní irọ́ kankan tí mo lè pa mọ́. Mo sọ òtítọ́ fún un: ẹ̀rù omi ń ba olùkọ́ tí ẹ wá bá.

Inú rẹ̀ dùn! Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Èyí tí kì í bẹ̀rù, kí ló fẹ́ kọ́ mi?”

Bàbá kó àwọ̀n rẹ̀ lọ síwájú ilé kí ìyá náà lè tú ìborùn. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò Bùsàrí, ọmọ rẹ̀. A di ara wa lọ́wọ́ mú. Mo ṣàdéhùn pẹ̀lú rẹ̀ pé ọwọ́ nìkan ni, kò gbọ́dọ̀ kan ọrùn mi. A wọnú odò. Òun ń pe Ọlọ́run lédè Lárúbáwá, èmi ń pe Jésù. Nígbà tó dé orúnkún, mo fẹ́ sá, òun náà fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń lọ sápá ọ̀tún, ẹnì kejì ń lọ sápá òsì, a sì di ara wa mú, kò sẹ́ni tó lè lọ. A dúró síbẹ̀ bí ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so mọ́ra.

A dúró títí ẹ̀rù náà fi rẹ̀ wá. A jáde.

Orúnkún. Iṣẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn.


Ọjọ́rú, 28 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ki ojú bọ omi. Mo yọ ọ́. Mo bì. Mo tún ki i bọ̀ ọ́.

Ìyá Bùsàrí ti ń léfòó. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ kó yé mi lọ́la. Àwọn ọmọ púùlù máa ń lo oṣù kan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n: orí wọn á wúwo, wọ́n á ká ọrùn kò, wọ́n á rì. Mo ní kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kó rò pé ẹrù àwo wà lórí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ọrùn rẹ̀ kàn bọ́ sípò wọ̀ọ̀. Láti kékeré ló ti ń ru àwo tó ga ju ìdajì ènìyàn lọ kọjá lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ láìfọwọ́ kàn án. Ọrùn náà mọ ìwọ̀n. Ó dùbúlẹ̀ sórí omi bí ewé, ojú rẹ̀ là, ó ń wo òkè. Ó ní, “Ṣé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyí? Ṣé nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ pa ọ́?”

Mo sunkún. Ojú mi ti tutù tẹ́lẹ̀, kò mọ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kí n kọ ọ́ kíákíá.

A ti dé ibi tí omi dé àyà. Omi ń fà lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń yọ̀. Ẹsẹ̀ Ìyá Bùsàrí yọ̀ kúrò lórí òkúta, ó já sí kòtò. Gbogbo ohun tó ti kọ́ sá kúrò lórí rẹ̀. Ó yí padà, ó ranjú, ó bẹ́ mọ́ mi. Apá méjèèjì. Ọrùn mi. Bíi ti Júláì gẹ́lẹ́. Kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Mo gòkè. Ohun tí ara mi ṣe nìyẹn. Mo jà. Mo rí òkè, ó mọ́lẹ̀, mi ò lè dé ibẹ̀. Mo mu omi. Mo ní ó tán.

Mi ò rántí Bàbá. Kí n má parọ́ fún ìwé ara mi. Mi ò rántí ọ̀rọ̀ kankan. Mo kàn rí i pé òkè ò ṣeé lọ. Mo dá ìjà dúró. Mo fi orí kọ ilẹ̀, mo mòòkùn, lọ sínú òkùnkùn náà, pẹ̀lú ẹrù obìnrin náà lọ́rùn mi. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ò ní orúkọ. Mo kan ẹrẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ tú.

Ó tú bí ẹni tú ìborùn. Mo wà nísàlẹ̀, ọrùn mi ṣófo. Lẹ́yìn náà ni apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan láìbéèrè lọ́wọ́ mi — ó gbá omi, ẹsẹ̀ mi ta, mo yọ lẹ́yìn rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan gbé àgbọ̀n rẹ̀, mo ń fà á lọ sétí odò, mo ń sọ fún un pé, “Àwo wà lórí yín, mà. Àwo wà lórí yín.” Ọrùn rẹ̀ rọ̀. Ó léfòó.

A jókòó sínú ẹrẹ̀. A bì títí. Nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ní, “Mo tún ṣe é.”

Mo ní, “Ẹ tún ṣe é, mà.”

“O ò sì gé mi jẹ.”

Ẹ̀rín ló gbà wá. A rẹ́rìn-ín bí òpònú. Bàbá ti sáré yọ lẹ́yìn ilé pẹ̀lú àjẹ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́, ó bá wa bẹ́ẹ̀, ó yíjú kúrò nítorí pé orí ìyá náà wà níhòòhò, ó sì tún padà síwájú ilé.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Ọ̀kítóbà

Ọjọ́ òmìnira. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ń fọn fèrè ní èbúté. Mo gbọ́ pé wọn ò ṣe eré kankan ní púùlù. Kò sí ọmọ tó wá.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo rò pé á ti lọ lẹ́yìn àná. Kò lọ. Ó wà níbẹ̀ lówùúrọ̀ yìí nígbà tí mo bu omi. Mo ṣáà bu ú sójú.


Ọjọ́ Ajé, 10 Ọ̀kítóbà

Nínú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Bí lẹ́tà mi bá wọ́, ẹ́ńjìnnì ni.

Lánàá ni Ìyá Bùsàrí wá sọ fún mi pé òun ń lọ sọ́jà etí omi. Kò ní kí n bá òun lọ. Ó kàn ní agogo méje ni ọkọ̀ máa gbéra, ó sì wò mí.

Mo dé èbúté, ó ti wà níbẹ̀, ẹrù àwo lórí rẹ̀, kò mú un, ó ń rìn lórí pákó. Ọlọ́kọ̀ kan ní, “Mama, you dey go abi you dey come?” Ó ní, “I dey go.” Ó wọlé. Ó jókòó. Ó fọwọ́ lu àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wọlé.

A ti kọjá ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá tò sí, tí wọ́n ń retí àyè láti já ẹrù sìmẹ́ńtì. Odò ti fẹ̀. Omi ń ta sí wa lára. Nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá tẹ̀, màá di etí rẹ̀ mú. Mo ti wo ibi tí mo máa bẹ́ gbà. Mo ti ka gbogbo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lú lójú wọn. Lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ kan tó ń fa bájì ń bọ̀ wá pàdé wa.

Mo fẹ́ dìde. Mo fẹ́ sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó yà sápá kan, kó dúró, kó gbé mi sórí ilẹ̀ èyíkéyìí.

Mi ò lè dìde. Ìyá Bùsàrí ti sùn. Lórí omi! Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń hanrun, ó gbé orí lé èjìká mi. Ìgbì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mo gbé èjìká dúró gírí kí ó má baà jí.